Bùrọ́dà Joseph àti Àwọn Ilé Kékeré Rẹ̀

Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ ohùn wa lórí rédíò, tí ẹ ó sì tún ka ọ̀rọ̀ yìí nínú ìwé ìròyìn dáyósíìsì wa, ni ó jẹ́ pé ẹ̀yìn odi ni ẹ wà. Ọ̀rọ̀ wa ti òní dá lórí ọkùnrin kan tí òun náà gbé ẹ̀yìn odi títí ó fi kú. Ara rẹ̀ kò pé, kò sì di àlùfáà tí ń wàásù fún ìjọ, ṣùgbọ́n ó fi ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì kéde ìgbàgbọ́ ju bí ọ̀pọ̀ nínú àwa oníwàásù ti ń fi ẹnu kéde rẹ̀ lọ.

Michael Zoettl ni orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́. Ìlú Landshut, ní agbègbè Bavaria ní ilẹ̀ Jámánì, ni a ti bí i ní 1878. Ìjàǹbá kan ṣe é ní ìgbà èwe rẹ̀, ó sì sọ ọ́ di abuké. Ní 1892, nígbà tí kò tíì pé ọmọ ọdún 15, ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Amẹ́ríkà, ó sì dé ilé àwọn mọ́ńkì ọmọ Benedikti Mímọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀ ní ìlú Cullman, ní ìpínlẹ̀ Alabama. Saint Bernard ni orúkọ ilé náà. Nígbà tí ó di mọ́ńkì, wọ́n fún un ní orúkọ Joseph, Bùrọ́dà Joseph ni gbogbo ènìyàn sì ń pè é títí ọjọ́ ikú rẹ̀.

Kí ló dé tí kò fi di Fadá? Kí ìdáhùn rẹ̀ lè yé yín, ó yẹ kí a sọ nǹkan díẹ̀ nípa òfin Ìjọ ní ayé ìgbà náà. Láti ìgbà pípẹ́ ni ó ti jẹ́ òfin pé ẹni tí ara rẹ̀ kò lágbára tó láti ṣe iṣẹ́ pẹpẹ láìséwu, tàbí tí àbùkù ara rẹ̀ pọ̀ dé ibi pé kò ní bá iyì pẹpẹ mu, kò gbọdọ̀ gba oyè àlùfáà àyàfi bí a bá fún un ní àṣẹ pàtàkì. Ẹni tí ó bá ka Ìwé Léfítíkù orí 21 yóò rí irú òfin bẹ́ẹ̀ láàrin àwọn ọmọ Ísírẹ́lì. A kọ ọ́ sínú Ìwé Òfin Ìjọ ti 1917, ní abala 984. Nígbà tí a gbé Ìwé Òfin tuntun jáde ní 1983, òfin àbùkù ara yìí kò sí nínú rẹ̀ mọ́. Nínú ohun tí ó jẹ mọ́ àìlera, àìsàn ọpọlọ tàbí ti ọkàn nìkan ni a dárúkọ bí ìdènà. Bíṣọ́ọ̀bù ṣì ń yẹ ìlera ẹni wò kí ó tó gbé ọwọ́ lé e lórí, ṣùgbọ́n pé ènìyàn jẹ́ abuké tàbí arọ kì í ṣe ìdènà fúnra rẹ̀ mọ́. Àwọn olùkọ́ wa ní ṣẹmínárì ṣàlàyé òfin àtijọ́ náà fún wa bí ẹni ń ṣàlàyé aṣọ tí kò bá ènìyàn mu mọ́. A kò ní fi ọgbọ́n òní dá àwọn baba wa lẹ́jọ́ lánàá, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé kò dun ẹni tí òfin náà bá.

Bùrọ́dà ni Joseph wà, nígbà náà. Wọ́n kọ́kọ́ rán an lọ máa tọ́jú ilé fún àwọn Fadá ní àwọn ìjọ kéékèèké káàkiri. Ní 1911 ni wọ́n fi í sí ilé ẹ̀rọ. Ibẹ̀ ni a ti ń da èédú sínú iná ńlá láti mú kí ilé gbóná ní ìgbà òtútù, ibẹ̀ náà ni a sì ti ń fa omi fún gbogbo ọgbà. Ẹ wo ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀, tí ó ń fi ṣọ́bìrì da èédú láti àárọ̀ di alẹ́, láìsí ọjọ́ ìsinmi, fún ohun tí ó lé ní ogún ọdún! Ẹni tí ó ń ṣọ́ iná kò lè kúrò níbẹ̀ lọ sí ibì kankan. Ṣùgbọ́n àyè díẹ̀ máa ń wà láàrin ìgbà tí a da èédú àti ìgbà tí a ó tún dà á. Nínú àyè kékeré wọ̀nyẹn ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi òkúta wẹ́wẹ́ àti símẹ́ǹtì kọ́ ilé kéékèèké, láìsí ẹni tí ó rán an níṣẹ́. Eré ọwọ́ dilẹ̀ ni.

Ohun tí ó tètè gba orúkọ fún un ni gírótò kéékèèké, àwòrán ihò àpáta bí irú èyí tí ó wà nínú ọgbà ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wa. Yóò gbé ère kékeré Màríà Wúndíá tàbí ti ẹni mímọ́ mìíràn sínú rẹ̀, a ó sì tà á láti fi owó rẹ̀ ran iṣẹ́ míṣọ́nnárì lọ́wọ́. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú rẹ̀ ni ó ṣe. Lẹ́yìn náà ni ó kọ́ ìlú Jerúsálẹ́mù kékeré sínú ọgbà àwọn mọ́ńkì. Nígbà tí ìròyìn kàn, tí àwọn àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ wá, ariwo wọn kò jẹ́ kí àwọn mọ́ńkì gbádùn ìdákẹ́jẹ́ mọ́. Kàkà kí ọ̀gá wọn fi òpin sí iṣẹ́ náà, ṣe ni wọ́n gbé e lọ sí kòtò ńlá kan nínú ilẹ̀ wọn, níbi tí a ti wa òkúta tí a fi kọ́ àwọn ilé wọn. Ìpinnu ọlọ́gbọ́n ni èyí lójú tiwa. Ọ̀pọ̀ alága ìgbìmọ̀ ìjọ ni ì bá ti sọ pé kí ó palẹ̀ mọ́.

Nínú kòtò náà ni a kọ́ gírótò ńlá sí, èyí tí gíga rẹ̀, fífẹ̀ rẹ̀ àti jíjìn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 27. Ave Maria Grotto ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì yà á sí mímọ́ ní Oṣù Karùn-ún 1934. Ara gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kòtò náà ni àwọn ilé kékeré wà, wọ́n tó bí 125. Ṣọ́ọ̀ṣì ńlá Pétérù Mímọ́ ní Rómù wà níbẹ̀. Bẹ́tílẹ́hẹ́mù wà níbẹ̀. Ilé àwọn mọ́ńkì ní Monte Cassino wà níbẹ̀. Ọkọ̀ Nóà àti ilé ìṣọ́ Bábélì kò gbẹ́yìn. Ṣọ́ọ̀ṣì Martin Mímọ́ ti ìlú Landshut, níbi tí wọ́n ti bí i, náà wà lára wọn. Ẹ̀yin tí ẹ jìnnà sí ilé kò nílò kí a túmọ̀ ìyẹn fún yín.

Àwọn àgbà máa ń sọ pé àìrìnjìnnà ni abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Bí a bá rìn jìnnà, a ó rí abuké erin. (Ẹ má ṣe bínú sí òwe náà, ọ̀rọ̀ ni ó gbé e wá.) Bùrọ́dà yìí kò rìn jìnnà lẹ́yìn tí ó ti tẹ̀dó sí Alabama, kò sì dé Rómù tàbí Jerúsálẹ́mù rí. Yàtọ̀ sí díẹ̀ tí ó fi ojú ara rẹ̀ rí ní Landshut àti ní ọgbà tiwọn, inú káàdì ìkíni, fọ́tò àti ìwé ni ó ti rí gbogbo ilé wọ̀nyẹn.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí bí a ti ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, nítorí àwọn kan rò pé bí ọmọdé ti ń fi iyẹ̀pẹ̀ kọ́lé ni. Bí a bá mú fọ́tò ilé kan lọ́wọ́, báwo ni a ó ṣe mọ bí ó ti tóbi tó? A ó wá ohun tí a mọ gíga rẹ̀. Bí a bá mọ̀ pé ilẹ̀kùn kan ga ní mítà mẹ́ta, tí a sì fẹ́ kí ó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà márùn-ún nínú tiwa, a jẹ́ pé ìdá kan nínú ọgọ́ta ni a ó fi kọ́ gbogbo rẹ̀. Ilé agogo tí ó ga ní mítà 60 yóò wá di mítà kan péré. A ó ka fèrèsé, a ó ka òpó, a ó wo bí òjìji ti ṣubú kí a lè mọ ohun tí ó yọ síta àti ohun tí ó wọlé. Bẹ́ẹ̀ ni fọ́tò kì í sì í fi ẹ̀yìn ilé hàn. Ẹni tí ń kọ́ ọ ni yóò fi làákàyè wá a. Bùrọ́dà Joseph kò so ara rẹ̀ mọ́ ìwọ̀n kan ṣoṣo fún gbogbo ilé náà. Ojú ni ó fi ń wọ̀n wọ́n kí wọ́n lè bá ara wọn mu.

Símẹ́ǹtì tí a bá ti po kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ìgbà tí ó bá ṣì rọ̀ ni a ń fi ọ̀bẹ fín ìlà bíríkì sí i lára, ìgbà náà ni a sì ń tẹ ìkarawun tàbí gíláàsì mọ́ ọn. Bí oòrùn bá tètè fa omi inú rẹ̀ jáde, yóò sán. Nítorí náà ni a ṣe ń fi àpò tútù bò ó fún ọjọ́ mélòó kan. Ó tún máa ń jẹ awọ ọwọ́. Ẹ rí i pé iṣẹ́ sùúrù ni, kì í ṣe iṣẹ́ ẹsẹ̀. Ẹni tí ó bá jókòó lè ṣe é.

Ohun tí àwọn ènìyàn dà nù ni ó pọ̀ jù nínú ohun èlò rẹ̀. Ìgò ìpara tí ó ti tán, bọ́ọ̀lù gíláàsì tí àwọn ọmọdé fi ń ṣeré, ìlẹ̀kẹ̀ tí ó já, àfọ́kù àwo, òkúta mábù tí ó bàjẹ́ nínú ọkọ̀ rélùwéè tí ó yà kúrò lójú irin, àní bọ́ọ̀lù tí ń léfòó nínú táǹkì ilé ìyàgbẹ́, gbogbo rẹ̀ ni ó wúlò fún un. Àgò ẹyẹ kan tí a ti sọ nù ni ó fi ṣe òrùlé róbótó ti Pétérù Mímọ́. Nígbà tí òkìkí kàn, àwọn ènìyàn láti ọ̀nà jíjìn bẹ̀rẹ̀ sí í fi irú pàǹtí bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí i, inú rẹ̀ a sì dùn.

Ó yẹ kí a mọ irú ilẹ̀ tí iṣẹ́ yìí ti wáyé. Àwọn Kátólíìkì kò pọ̀ ní Alabama, ọ̀pọ̀ ènìyàn ibẹ̀ ni kò sì fẹ́ràn wọn. Ní Birmingham, ìlú ńlá tí ó tó bí kìlómítà 80 sí Cullman, ní Oṣù Kẹjọ 1921, oníwàásù kan tí ó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ Ku Klux Klan yìnbọn pa Fadá James Coyle ní ìloro ilé àwọn Fadá. Ẹ̀ṣẹ̀ Fadá náà ni pé ó so ọmọbìnrin ọkùnrin yìí pọ̀ pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, Kátólíìkì kan tí ó wá láti Puerto Rico. Ilé ẹjọ́ dá apànìyàn náà sílẹ̀. Inú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni abuké kan ti ń to òkúta lé òkúta, láìbá ẹnikẹ́ni jiyàn. Àwọn tí kò jẹ́ tẹ ẹsẹ̀ wọn sínú ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì láéláé mú ọmọ wọn lọ́wọ́ wá wo ilé kéékèèké náà, ọmọ a sì béèrè pé, “Ta ni ìyá tí ó dúró nínú ihò yẹn?” Òbí yóò ní láti wá ìdáhùn. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní ibi tí iye wa kò tó nǹkan, ẹ mọ bí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ti níye lórí tó, tí kò sí ẹni tí ó fi agbára fà á jáde.

Ní 1958, nígbà tí ó di ẹni 80 ọdún, ó kọ́ èyí tí ó ṣe ìkẹyìn nínú àwọn ilé rẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ti Lourdes ní ilẹ̀ Faransé ni. Ọdún náà gan-an ni ó pé ọgọ́rùn-ún ọdún tí Ìyá wa farahàn fún Bernadette Mímọ́ níbẹ̀. Gbogbo wa mọ ohun tí àwọn ènìyàn máa ń wá lọ sí Lourdes: arọ ń wá ẹsẹ̀, afọ́jú ń wá ojú. Bùrọ́dà Joseph kò lọ síbẹ̀ rí. Ọwọ́ rẹ̀ tí ó ti gbó ni ó fi gbé Lourdes wá sí Alabama fún àwọn ẹlòmíràn, òun fúnra rẹ̀ sì kú ní 1961 pẹ̀lú iké rẹ̀ lẹ́yìn. A kò mọ ohun tí ó ń bá Ọlọ́run sọ nígbà tí ó ń tẹ òkúta mọ́ ilé náà lára, a kò sì ní fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu. Inú ilẹ̀ ìsìnkú àwọn mọ́ńkì níbẹ̀ ni ó wà. Ìjọba Amẹ́ríkà kọ ọgbà náà sínú ìwé àwọn ibi ìtàn orílẹ̀-èdè wọn ní 1984, àwọn ènìyàn ṣì ń lọ wò ó.

Kí ni èyí kàn wá? Àwọn baba wa a máa pe abuké, arọ àti àfín ní ẹni òòṣà, èèwọ̀ sì ni láti fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀wọ̀ ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀wọ̀ tí ó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni. Àwa tí a pe ara wa ní onígbàgbọ́, ohun méjì péré ni a sábà máa ń ní fún wọn: ọrẹ àánú lẹ́nu ọ̀nà, àti àdúrà ìwòsàn tí a ń gbà lé wọn lórí ní gbangba, tí ojú a sì tì wọ́n nígbà tí wọn kò bá dìde rìn. A tún ń béèrè ẹ̀ṣẹ̀ tí ó fà á, bí àwọn ọmọ ẹ̀yìn ti béèrè nínú Ìhìnrere Jòhánù orí 9, bí ẹni pé Olúwa kò tíì dá wọn lóhùn. A kò kẹ́gàn àdúrà. Àwa náà ń fi òróró mímọ́ pa àwọn aláìsàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí a kò tíì wo ara rẹ̀ sàn ti ṣe ìrìbọmi, ó ti gba Ẹ̀mí Mímọ́ nínú Sákírámẹ́ǹtì Ìfìdímúlẹ̀. Ó ní ohun tí ó fẹ́ sọ fún Ìjọ. Níbo ni a fi àyè sílẹ̀ fún un láti sọ ọ́?

Ìyá kan nínú àwọn tí ń gbọ́ wa kọ̀wé sí wa láìpẹ́ yìí. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin jẹ́ ọmọ ọdún 16, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kò gbé e. Páálí, agolo mílíìkì àti ìdérí ìgò ni ọmọ náà fi ń kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ìjọ wọn, tòun ti pẹpẹ, tòun ti àwọn ibùdó Ọ̀nà Àgbélébùú mẹ́rìnlá. Bàbá rẹ̀ ní eré ọmọdé ni, pé ọkùnrin ọdún 16 kì í gé páálí, ó sì ti fẹ́ dáná sun ún lẹ́ẹ̀kan. Ìyá ń béèrè ohun tí òun lè ṣe.

Ìdáhùn wa ni pé kí bàbá jókòó ti ọmọ náà fún wákàtí kan péré, kí ó sì bi í ní ìdí tí ó fi gbé ohun gbogbo sí ibi tí ó gbé e sí. Ẹni tí ó lè to Ọ̀nà Àgbélébùú mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá bí ó ti yẹ ti ń ṣe àṣàrò lórí ìjìyà Olúwa, ó tilẹ̀ lè ti mọ̀ ọ́n ju àwa tí a ń ka á láti inú ìwé lọ. Kí ìyá náà sì tún gbọ́ èyí: páálí kò gbọdọ̀ rọ́pò ilé ìwé. Bí ọmọ náà kò bá sí ní ilé ìwé nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀, ìyẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ lé. Òfin kan wà ní ilẹ̀ Nàìjíríà tí ó ka fífi àbùkù ara ya ènìyàn sọ́tọ̀ léèwọ̀, èyí tí Ààrẹ Buhari bu ọwọ́ lù, tí a sì kéde rẹ̀ ní Oṣù Kìn-ín-ní 2019. Ó fún àwọn ilé tí gbogbo ènìyàn ń lò ní ọdún márùn-ún láti ṣe ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ arọ lè gbà. Ọdún márùn-ún náà ti pé ní 2024. A mọ ṣọ́ọ̀ṣì kan tí ó ṣì ní àtẹ̀gùn mẹ́sàn-án ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀, tí wọ́n sì ń gbé arúgbó gùn ún bí àpò ìrẹsì. A kò ní dárúkọ rẹ̀. Àwọn ọmọ ìjọ náà yóò mọ ara wọn.

Àsìkò Kérésìmesì ni ó rọrùn jù láti bẹ̀rẹ̀. Ibùjẹ ẹran tí a máa ń tò sínú ṣọ́ọ̀ṣì, ilé kékeré náà ni. Fransisi Mímọ́ ti Assisi ni ó ṣe irú rẹ̀ tí ó di olókìkí, ní abúlé Greccio ní Ítálì, ní 1223, pẹ̀lú koríko, màlúù àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, kí àwọn ará oko lè fi ojú rí bí Ọmọ Ọlọ́run ti di òtòṣì. Póòpù Francis, tí ó papò dà ní 2025, lọ sí Greccio ní Oṣù Kejìlá 2019, ó sì bu ọwọ́ lu lẹ́tà kan níbẹ̀ láti fi gba gbogbo wa níyànjú pé kí a má ṣe jẹ́ kí àṣà náà parẹ́. Nílé wa pàápàá, ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, láti 1947, Fadá Kevin Carroll kó àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà jọ, lára wọn ni George Bandele, ọmọ Àrèógún ará Òsì, àti Lamidi Fakeye ará Ìlá-Ọ̀ràngún. Wọ́n gbẹ́ ìtàn ìbí Jésù ní igi, wọ́n sì wọ àwọn ọba tí ó wá kí I ní aṣọ ọba tiwa. Ère rírà láti òkè òkun ni a ń tò lóde òní, tí a ń gbé jáde láti inú páálí kan náà lọ́dọọdún.

Ní ọdún yìí, kí àwọn ìgbìmọ̀ ìjọ wa wá àwọn tí ara wọn kò pé, tí ọwọ́ wọn sì dá, lọ sí ilé wọn. Kí wọ́n gbé kíkọ́ Bẹ́tílẹ́hẹ́mù lé wọn lọ́wọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ Oṣù Kọkànlá, kí ó má baà di iṣẹ́ alẹ́ ọjọ́ kan. Kí a gbé tábìlì iṣẹ́ sí ibi tí kò sí àtẹ̀gùn, tábìlì tí kẹ̀kẹ́ arọ lè wọ abẹ́ rẹ̀. Bí abẹ́ rẹ̀ bá ga ní sẹ̀ǹtímítà 70 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, yóò tó fún ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́. Páálí wà lọ́dọ̀ àwọn ìyá tí ń tajà, iyẹ̀pẹ̀ wà nílẹ̀, àpò símẹ́ǹtì kan yóò tó, yóò sì ṣẹ́kù. Nígbà tí ó bá parí, kí a kọ orúkọ ẹni tí ó kọ́ ọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí lẹ́tà rẹ̀ sì tóbi tó èyí tí a fi ń kọ orúkọ ẹni tí ó fi owó ra àga sínú ṣọ́ọ̀ṣì.